Omi fún ẹ̀fọ́ ara ògiri: ẹ má tíì ra pọ́ńpù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ fẹ́ gbin tẹ̀tẹ̀ sínú páìpù tí ẹ máa so mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé, ẹ wá ń bèèrè irú pọ́ńpù tó dáa. Ẹ fi owó yẹn sápò ná. Ní Múṣin tí mo ti ń gbin tèmi, ọjọ́ tí oòrùn mú jù ni iná máa ń lọ, ẹ̀fọ́ inú páìpù á sì ti rọ kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Kẹ́ẹ̀gì dúdú ni mo gbé sórí pèpéle onírin tó ga ju páìpù òkè pátápátá lọ, omi ń dá sọ̀kalẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn orí dríìpù olówó ńlá, ìyẹn ike kékeré tó ń kán omi síbi gbòǹgbò, o: gíga mítà 1 kò fún omi ní agbára ju bar 0.1 lọ (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára tí omi fi ń tì), ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ní ṣiṣẹ́ dáadáa tí kò bá tó bar 0.5. Rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi síni lára ní ọsibítù ni mo ń lò, tuntun, láti ṣọ́ọ̀bù olóògùn. Èyí tó wọ́pọ̀, ẹ̀kán 20 ni mílílítà 1. Tó bá ń kán 20 ní ìṣẹ́jú kan, mílílítà 60 ni wákàtí kan. Rọ́bà méjì ni mo fi sí páìpù òkè, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 sì ń tó mi ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Tí omi bá ń lọ sílẹ̀, ẹ̀kán á máa falẹ̀, ẹ tú ìdè tó ń fún rọ́bà díẹ̀ sí i.

Kó má dí ni iṣẹ́ wà. Omi bọ́ọ̀hóòlù wa ń sọ ike di pupa. Irin ló wà nínú ẹ̀, tí atẹ́gùn bá ti kàn án, á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Mo máa ń jẹ́ kó tòrò mọ́jú nínú dírọ́ọ̀mù, n kì í sì í bu ti ìsàlẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń bò ó, torí ẹ̀fọn. Kẹ́ẹ̀gì funfun ò dáa: oòrùn á wọlé, ọbẹ̀dò á hù. Omi ìgbẹ́ adìyẹ ò gbọdọ̀ gba inú rọ́bà láéláé, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi bù ú.

Ẹ má fa rọ́bà sí gbogbo páìpù. Ẹ lu ihò kí ti òkè máa ro sí ti ìsàlẹ̀. Òkè ló ń kọ́kọ́ gbẹ, ìsàlẹ̀ ló ń rin gbingbin, nítorí náà tẹ̀tẹ̀ lókè, ẹ̀bọ̀lọ̀ nísàlẹ̀. Èèpo àgbọn gígún tí ẹ pò mọ́ ilẹ̀dú ń gba omi dúró, kò sì wúwo débi tí á fa páìpù já.

Ògiri yín ńkọ́, ìlà oòrùn ló kọjú sí àbí ìwọ̀? Tó bá jẹ́ ìwọ̀, ẹ jẹ́ kó máa kán yára lẹ́yìn ọ̀sán, torí sìmẹ́ńtì á gbóná dalẹ́.