Ínfátà Ńlá Kọ́ Ló Ń Mú Iná Pẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta sí oko mi lọ́nà Ìkòyí-Ilé, lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́. Iná ìjọba kò dé ibẹ̀. Gílóòbù mẹ́fà, fáànù méjì, tẹlifíṣàn, firísà kan àti pọ́ǹpù kànga ni mo fẹ́ lò. Ẹni tó fẹ́ bá mi ṣe sólà ní kí n ra ínfátà 5kVA, bátìrì mẹ́rin àti páànẹ́lì méjì, pé bí ínfátà bá ṣe tóbi tó ni iná á ṣe pẹ́ tó lálẹ́. Ẹlòmíì ní kó kúkú jẹ́ 7.5kVA. Èwo ni kí n rà?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì ra ọ̀kankan. Ínfátà ni gbogbo yín máa ń kọ́kọ́ bèèrè, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kó kẹ́yìn.

Ínfátà kì í pèsè iná, kì í sì í tọ́jú rẹ̀. Páànẹ́lì ni ẹni tó ń pọnmi, bátìrì ni amù, ínfátà ni igbá tí ẹ fi ń bù ú. Kí igbá fẹ̀ tó ọpọ́n, bí ọmọ ọdún márùn-ún bá ló ń pọnmi, amù ò ní kún. kVA ń sọ iye ẹrù tí ínfátà lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sọ iye wákàtì tó máa fi gbé e.

Ẹ jẹ́ ká fi yúníìtì ṣírò, yúníìtì tí gbogbo wa ń rà sí mítà nígboro yẹn náà: 1,000 wáàtì fún wákàtì kan. Gílóòbù mẹ́fà oníwáàtì 9 fún wákàtì 5 jẹ́ 0.27. Fáànù méjì oníwáàtì 60 fún wákàtì 8 jẹ́ 0.96. Tẹlifíṣàn, 0.3. Firísà, nǹkan bí 1.4. Mo fi fóònù àti kọ̀ǹpútà tí ẹ kò kà kún un, 0.25. Pọ́ǹpù 1hp fún wákàtì kan, 0.75. Ó sún mọ́ yúníìtì 4 lójúmọ́.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fẹ́ tà fún yín. Páànẹ́lì méjì oníwáàtì 400 jẹ́ 800. Nínú oṣù kẹjọ tí ìkùukùu máa ń bo ojú ọ̀run lọ́dọ̀ wa, wákàtì 3.5 oòrùn gidi ni mo máa ń kà lójúmọ́. Yúníìtì 2.8 nìyẹn. Ooru, eruku, wáyà àti bátìrì fúnra rẹ̀ á jẹ nǹkan bí ìdá mẹ́rin rẹ̀, ó ku 2.1. Ibi tí wọn kì í sọ fún yín rèé: ínfátà 5kVA tí ẹ tàn sílẹ̀ láìso nǹkankan mọ́ ọn lè máa jẹ wáàtì 50 tọ̀sán-tòru. Ìyẹn jẹ́ 1.2. Ó ku 0.9. Kò tó bọ́ firísà nìkan! 7.5kVA sì tún máa ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bátìrì tí kì í kún rí ló máa ń kú. Òjé inú rẹ̀ á máa yọ èépá funfun líle, èépá yẹn ò sì ní jẹ́ kó gba iná mọ́. Kí ọdún tó yí po, iná á ti máa lọ láago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n á wá ní ayédèrú bátìrì lẹ rà. Irọ́ ni, ebi ló pa á.

Èmi á ní kí ẹ ra ínfátà 3.5kVA onífólítì 24, páànẹ́lì mẹ́fà oníwáàtì 400 àti bátìrì tubular (bátìrì òjé olómi) mẹ́rin oní-220Ah. Ìdajì agbára tubular ni kí ẹ máa lò, bíi yúníìtì 5.3 nìyẹn. Bí owó bá wà, bátìrì lithium oníyúníìtì 5 kan lè rọ́pò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀sán gangan ni kí ẹ máa tan pọ́ǹpù. Áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù oníná, ẹ gbàgbé wọn. Omi bátìrì nìkan ni kí ẹ máa bu sí tubular, kì í ṣe omi kànga, kì í ṣe omi òjò.

Bí ẹ kò bá tíì kan òrùlé, ayọ̀ lèyí. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ilé tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá ògiri kúkúrú, kí etí òrùlé sì yọ síta tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ilé á tutù, fáànù á sinmi. Apá gúúsù òrùlé ni páànẹ́lì ń lọ, kó dagun tó ìwọ̀n 10 sí 15 kí òjò lè fọ̀ ọ́. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi omi àti àkísà rírọ̀ nù ún láàárọ̀ kùtù, kó tó gbóná. Mo mọ̀ pé oko yín ò ní ṣàì ní máńgòrò àti kajú. Òjìji ẹ̀ka kan péré lórí páànẹ́lì kan lè fa àwọn tí wọ́n so mọ́ ọn sẹ́yìn.

Ẹ má fọwọ́ ara yín so wáyà. Bíréékà DC, ìyẹn ti irú iná tó ń ti páànẹ́lì àti bátìrì wá, ni kó wà láàárín páànẹ́lì àti ínfátà, àti láàárín bátìrì àti ínfátà. Tí iná DC bá ti ń fò, bíréékà AC (ti iná ilé lásán) tí wọ́n ń tà lọ́jà lè má rí i pa, ilé á sì gbaná. Ẹ ri irin ẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ nítorí àrá. Tubular ń tú gáàsì tó lè gbiná, ẹ má gbé e sí yàrá tí ẹ ń sùn.

N kò rí ilé yín o. Ohun tí ẹ kà sílẹ̀ ni ìṣírò yìí bá mu. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ amúlétutù kún un, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù ká tún un ṣe. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ní kí oníṣẹ́ yín fi ìṣírò tirẹ̀ hàn yín lórí ìwé. Bí kò bá ní, ẹ wá ẹlòmíì.