Ìbéèrè Òǹkàwé: Ikú Méyọ̀ Moscone àti àga tó ṣófo ní San Francisco

Láti ìgbà tí a ti mẹ́nu ba ikú George Moscone nínú ìwé ìròyìn yìí, ìyẹn Méyọ̀ ìlú San Francisco ní ìpínlẹ̀ California tí wọ́n yìnbọn pa nínú ọ́fíìsì rẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún 1978, ni ìbéèrè ti ń wọlé. A mú mẹ́rin nínú wọn dáhùn.

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tí mo gbọ́ ni pé òṣèlú kan tó fi ipò sílẹ̀, tó tún fẹ́ padà, ló pa ọkùnrin náà. Ṣé ọ̀rọ̀ tó mú ẹ̀mí lọ lè kéré tó bẹ́ẹ̀? (Òǹkàwé kan, Ìlọrin)

Bó ṣe rí lójú nìyẹn, ṣùgbọ́n àga tí wọ́n ń jà sí kò kéré rárá. Dan White, tó ṣe ọlọ́pàá rí tó sì tún ṣe panápaná, ni àwọn ará àdúgbò rẹ̀ dìbò yàn sínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú náà ní ìparí ọdún 1977. Ènìyàn mọ́kànlá ló wà nínú ìgbìmọ̀ ọ̀hún. Nígbà tí ó débẹ̀ ni ó rí i pé owó iṣẹ́ náà kò ju 9,600 dọ́là lọ lọ́dún, òfin ìlú kò sì jẹ́ kí ó máa ṣe iṣẹ́ panápaná mọ́ ọn. Ó wá ń ta ọ̀dùnkún díndín fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ní etí òkun, èyí náà kò sì ká bùkátà ìyàwó àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1978, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí àwọn tó ń tì í lẹ́yìn, pàápàá ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́pàá ìlú náà, fi rọ̀ ọ́ pé kí ó lọ gba àga rẹ̀ padà.

Méyọ̀ nìkan ni òfin fún lágbára láti fi ènìyàn sí àga tó bá ṣófo nínú ìgbìmọ̀ náà. Moscone kọ́kọ́ sọ pé òun yóò dá a padà fún un. Ṣùgbọ́n White wà lára àwọn tó sábà máa ń dìbò ta ko Méyọ̀, nínú ìgbìmọ̀ tí ìbò rẹ̀ sábà máa ń já sí mẹ́fà sí márùn-ún, nítorí náà ẹni tí yóò jókòó sí àga kan ṣoṣo yẹn ni yóò pinnu bóyá Moscone yóò lè ṣe ìjọba rẹ̀ bó ti fẹ́. Harvey Milk, tó jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ náà, tó sì sọ ọ́ ní gbangba pé ọkùnrin ẹgbẹ́ òun ni òun ń fẹ́, wà lára àwọn tó rán Méyọ̀ létí ọ̀rọ̀ yìí, Moscone sì yí ọkàn padà.

Ẹ tún rántí pé kì í ṣe gbogbo ìlú ló fẹ́ràn Moscone. Ìbò tí ó fi borí John Barbagelata ní ọdún 1975 kò tó 5,000. Nígbà tí ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yan àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn ọmọ Éṣíà, àwọn obìnrin àti àwọn ènìyàn bíi Milk sínú àwọn ìgbìmọ̀ ìlú tí wọn kì í sábà dé tẹ́lẹ̀. Ó mú ọ̀gá ọlọ́pàá wá láti ìta, Charles Gain, ẹni tó kun àwọn ọkọ̀ ọlọ́pàá ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ọ̀dà yẹn bí àwọn ọlọ́pàá nínú gidigidi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Moscone fẹ́ kéde ẹni tí yóò rọ́pò White, White gba ojú fèrèsé ìsàlẹ̀ wọ ilé ìjọba ìlú náà, kí ẹ̀rọ tí ń yẹ irin wò lẹ́nu ọ̀nà má baà tú àṣírí ìbọn tó fi pamọ́ sára. Ó yìnbọn pa Méyọ̀, ó ki ọta mìíràn sínú ìbọn náà, ó sì rìn lọ sí apá kejì ilé náà láti pa Milk. Àwọn tó ń sọ pé ìbínú òjijì ni yóò ṣòro fún láti ṣàlàyé fèrèsé àti ọta yẹn fún wa.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹgbẹ́ Jim Jones lọ́wọ́ nínú ikú náà? (Òǹkàwé kan, Kútọnu)

Rárá. Àkókò ló fa ìfura náà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ṣáájú ni ó lé ní 900 ènìyàn kú ní Jonestown, ibùdó ìjọ tí Jim Jones jẹ́ olórí rẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Guyana, lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n pa aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà, Leo Ryan, níbẹ̀. Moscone fúnra rẹ̀ ló sì fi Jones sínú ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ilé gbígbé ní San Francisco ní ọdún 1976, nítorí náà ẹ̀rù àwọn ọmọlẹ́yìn Jones kọ́kọ́ ba àwọn kan. Ṣùgbọ́n White lọ fa ara rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ó sì jẹ́wọ́.

Mo kà á níbì kan pé agbẹjọ́rò White sọ pé àkàrà òyìnbó tí ó jẹ ló mú un pànìyàn, ilé ẹjọ́ sì gbà á gbọ́. Ẹ̀yin àgbà, ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Òǹkàwé kan, Adó-Èkìtì)

Àwàdà àwọn oníròyìn ló mú ìtàn yẹn tàn ká. Ohun tí agbẹjọ́rò rẹ̀, Douglas Schmidt, rò ní ilé ẹjọ́ ni pé ìbànújẹ́ ọkàn ti dín agbára ìrònú White kù débi pé kò lè pète ìpànìyàn. Oníṣègùn ọpọlọ kan ló sọ pé jíjẹ tí White, tó máa ń tọ́jú ara rẹ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀, ń jẹ ìpápánu olóyinmọmọ jẹ́ àmì pé ìbànújẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Kò sẹ́ni tó sọ pé ṣúgà ló yìnbọn.

Àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ náà ni ó yẹ kí a máa sọ. Àwọn ará ìlú méjìlá tí òfin Amẹ́ríkà máa ń fi ìdájọ́ sí lọ́wọ́ gbọ́ ohùn White níbi tí ó ti ń sunkún jẹ́wọ́, àwọn kan nínú wọn sì sunkún pẹ̀lú rẹ̀. Agbẹjọ́rò náà ti rí i pé irú àwọn ènìyàn tó ń tì Milk lẹ́yìn kò sí láàárín wọn. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 1979, wọ́n ní kì í ṣe ìpànìyàn tí a pète ni, wọ́n sì dín ẹ̀sùn náà kù sí pípa ènìyàn nínú ìgbóná ọkàn. Ọdún méje àti oṣù mẹ́jọ ni ẹ̀wọ̀n rẹ̀, fún ẹ̀mí méjì. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn rọ́ lọ sí ilé ìjọba ìlú náà, tí wọ́n fọ́ gíláàsì, tí wọ́n sì sun ọkọ̀ ọlọ́pàá. Àwọn ọlọ́pàá náà lọ gbẹ̀san ní àdúgbò Castro, tí Milk ti wá, wọ́n ya wọ ilé ọtí kan, wọ́n sì na àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀. California pa òfin tí Schmidt gùn lé rẹ́ ní ọdún 1981, àwọn olùdìbò sì tún fi ìbò tì í pa ní ọdún tó tẹ̀ lé e. White jáde lẹ́wọ̀n ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1984, ó sì pa ara rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1985.

Olóòtú, níbí tiwa, bí alága káńsù bá kú, igbákejì tí wọ́n jọ dìbò yàn ni yóò bọ́ sórí àga. Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹni tí kò bá Moscone dupò pọ̀ ni wọ́n gbé ìlú lé lọ́wọ́? Ṣé ìyẹn kò sọ ìbò ọdún 1975 di asán? (Òǹkàwé kan, Òṣogbo)

Ìbéèrè yín yìí ni a fẹ́ràn jù. San Francisco kò ní igbákejì Méyọ̀ tí wọ́n ń dìbò yàn. Alága ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú ni yóò dúró sí ipò náà, títí tí ìgbìmọ̀ yóò fi yan ẹni tí yóò parí sáà olóògbé. Dianne Feinstein ni alága nígbà náà. Ó ti dupò Méyọ̀ ní ọdún 1971 àti 1975, kò wọlé nínú méjèèjì, ó sì ti ń ronú láti fi òṣèlú sílẹ̀. Òun ló bá òkú Milk nílẹ̀, òun náà ló jáde síta láti kéde fún àwọn oníròyìn pé wọ́n ti pa ènìyàn méjèèjì àti pé White ni wọ́n fura sí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá, àwọn mẹ́sàn-án tó ṣẹ́kù nínú ìgbìmọ̀ fi í ṣe Méyọ̀.

Agbára tí White torí rẹ̀ pa Moscone wá bọ́ sọ́wọ́ Feinstein ní ìlọ́po mẹ́ta: àga White, àga Milk àti àga tirẹ̀ gan-an ló ṣófo. Ó fi Don Horanzy, ẹni tí Moscone ti fẹ́ kéde, sí àga White. Ó fi Louise Renne sí tirẹ̀. Milk ti gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1977 nítorí ó fura pé wọ́n lè pa òun, ó sì dárúkọ àwọn tí ó lè rọ́pò òun. Harry Britt, tí Feinstein yàn, wà lára wọn.

Nítorí náà, kò sọ ìbò náà di asán pátápátá. Ẹjọ́ tí àwọn ọlọ́pàá aláwọ̀ dúdú pe ìlú náà lórí ìyàsọ́tọ̀, tí Moscone ti fẹ́ yanjú, parí pẹ̀lú àdéhùn ní ọdún 1979 lábẹ́ Feinstein. Ṣùgbọ́n ààrin ọ̀nà ni obìnrin náà ń tọ̀, ó sì sún mọ́ àwọn oníṣòwò ju Moscone lọ; ilé gogoro pọ̀ ní àárín ìlú lásìkò rẹ̀ débi pé àwọn olùdìbò fi òfin dín in kù ní ọdún 1986. Ó borí Quentin Kopp nínú ìbò ọdún 1979, ó wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1983, ó sì lo ipò náà títí di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1988, kí ó tó lọ di aṣòfin àgbà ní Washington, níbi tí ó wà títí ó fi kú ní ọdún 2023.

Ohun tí a rò pé ìlú náà pàdánù jù ni ìdìbò àdúgbò, tí Moscone tì lẹ́yìn, èyí tó jẹ́ kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan máa yan aṣòfin tirẹ̀. Láìsí i, bóyá ni Milk ìbá fi wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni White. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1980, wọ́n dìbò pa ètò náà rẹ́. Ọdún 1996 ni wọ́n tó gbà kí ó padà, ọdún 2000 ni wọ́n sì tó tún fi yan ènìyàn.

Òfin nípa àga Méyọ̀ tó bá ṣófo ṣì wà síbẹ̀. Nígbà tí Méyọ̀ Ed Lee kú ikú àìsàn ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, London Breed tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ló dúró dè é. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ náà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún Mark Farrell. Breed dupò náà ní oṣù Kẹfà ọdún 2018, ó sì wọlé.