Ta ni wọ́n ń pa òwe "Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀" fún?

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ìtumọ̀ òwe yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba àlàyé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan tó ní ìkìlọ̀ ni fún tálákà kí ó má bínú sí olówó. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ọjà'ba ní Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, n kò gbọ́ kí àgbà kankan pa á fún tálákà rí. Onílé tó fẹ́ lé gbogbo ayálégbé rẹ̀ síta lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń pa á fún.

Ẹ fi Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, wò ó, bí Akínwùmí Ìṣọ̀lá ṣe gbé e sórí ìtàgé. Wọ́n máa ń ní ìbànújẹ́ ni kò jẹ́ kí ó ronú. Irọ́ ni! Ó ronú dáadáa. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti kú sórí ìkúnlẹ̀ ní 1860. Nínú eré náà, ó pàṣẹ pé ẹrú rẹ̀ tó bá lóyún, bíbẹ́ ni wọn yóò bẹ́ ẹ lórí. Ohun tó rò ni pé, bí òun olówó kò bá rí ọmọ gbé jó, kí ló dé tí ẹrú yóò máa gbé ọmọ jó nínú ilé òun? Ọ̀rọ̀ náà nídìí lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú ti dájọ́ tán kí ìrònú tó dé. Iṣẹ́ agbẹjọ́rò nìkan ló kù fún ìrònú láti ṣe.

Ó ka oko, ó ka ẹrú, ó ka owó, kò ka àwọn tó ṣì fẹ́ ẹ. Èèyàn sì ni ẹsẹ̀ tí òwe yìí ń sọ. Nínú ìtàn ìlú, nígbà tí Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, dìde sí i ní 1874, àwọn ẹrú Ẹfúnṣetán fúnra rẹ̀ ló pa á, ọmọ tó gbà tọ́ náà sì lọ́wọ́ sí i.

Kúrunmí, olórí Ìjàyè, ńkọ́? Òfin àtijọ́ wà lẹ́yìn tirẹ̀: Àrẹ̀mọ, àkọ́bí ọkùnrin ọba, ní í bá Aláàfin kú nígbà náà. Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, jọba, Kúrunmí kọ̀. Ìrònú rẹ̀ tọ́, síbẹ̀ Ìbàdàn gbógun tì í, Ìjàyè sì tú ní 1862.

Ère Ẹfúnṣetán wà ní Challenge, n'Ìbàdàn. Àwọn ọmọ wa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sílé ìwé, "ìyá burúkú" nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ó dùn mí gan-an, ẹ̀yin òbí ni mo sì ń bá wí.

Ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ẹ pa òwe yìí fún, kí ó tó ṣe ohun tó ń rò. Bó bá jẹ́ àgbà, ẹ fi "tótó, ó ṣe bí òwe" kún un.